Ìdí Igi Tó Kàn

"Irọ́ ni! Ìdí Ìyá Àárín ló kàn lọ́dún yìí!"

Abdulazeez ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ó ti dìde lórí bẹ́ńṣì, ó ń na ìka sí mi bí ẹni pé mo jí ewúrẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹbí ti pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìfàkò-Ìjàyè lọ́jọ́ Àìkú náà. Àwọn ayálégbé ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Bàbá wa ló kọ́ ilé yìí, nígbà tí igi obì ṣì pọ̀ ju ilé-iṣẹ́ lọ ní gbogbo agbègbè Agége. Ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ kò le mọ́, ó pe àwa ọmọ, ó ní òun kò fẹ́ ká máa jà lórí owó ilé lẹ́yìn òun. Ìdí igi mẹ́ta ni ó pín wa sí. Bí ìdí Ìyálé bá gba owó ilé lọ́dún kan, ìdí Ìyá Àárín ni yóò gbà á lọ́dún kejì, ìdí Ìyá Kékeré yóò tẹ̀lé e, ni yóò bá tún yí padà sọ́dọ̀ Ìyálé. Èmi Modinat nìkan ni mo ṣẹ́kù nínú àwọn ọmọ Ìyá Kékeré. Ìwé tí mo mọ̀ kò ju kí n kọ orúkọ mi lọ, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún mi ní ìrántí.

Mi ò bá Abdulazeez pariwo. Mo ní, "Àbúrò mi, jókòó. Ọdún tí ìjì ṣí páànù mọ́sálásí, ta ló gbowó? Ìdí Ìyálé ni, àwọn ló sì ra páànù míì. Ọdún tó tẹ̀lé e, ìwọ lo gbà á. O fi ra kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọmọ tó o gbé e fún sì wà á sínú gọ́tà lọ́jọ́ kejì. Àbí kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ò tíì jáde nínú gọ́tà ni?"

Ẹ̀rín sọ. Abdulazeez náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

"Ọdún kòrónà ni, Àǹtí! Àwọn ayálégbé ò sanwó pé!"

"Wọ́n san án pé o, wọn ò san án pé o, o ti jẹ tìẹ."

Àlàájì Ṣuaib, olórí ẹbí wa, fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Ìyá Suara ti sọ̀rọ̀. Ìdí Ìyá Kékeré ló kàn."

Bí ó ṣe parí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tú ká, Bàrákàt, ọmọ ọmọ mi, wá jókòó tì mí. Bàbá rẹ̀ ni Suara mi, tó ti lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Bàrákàt nígbà náà, ó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé-ìwé gírámà, kò sì sí ẹni tó lè bá a du ipò kìn-ín-ní nínú ìṣirò.

"Màmá Àgbà, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ yín. Báwo lẹ ṣe mọ ẹni tó kàn?"

Mo ní, "Ẹni tó bá rántí èyí tó ti kọjá, á mọ èyí tó ń bọ̀."

Ọmọ náà mi orí bí ẹni tó jẹ nǹkan dídùn. Òótọ́ ni mo sọ fún un. Mi ò mọ ibi tó máa gbé òótọ́ náà lọ.

Owó ọdún náà ní iṣẹ́ tó ń dúró dè é. Ojúọlápé, ìyá Bàrákàt, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìgò ní Ìlúpéjú ló ti ń ṣiṣẹ́. Níwájú iná funfun kan ló máa ń jókòó sí, ìgò á máa gba iwájú iná náà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á máa yọ èyí tó bá ti sán. Ojú ló fi ń jẹun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ á ti gbé e lọ. Láti ìgbà tí Suara ti kú, ojú obìnrin yìí ló ń bọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó bẹ̀rẹ̀ kékeré. Ó ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife. Ó ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹ má bínú, Màámi, mi ò rí i." Ìgbà tó yá, ìgò sísán bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú rẹ̀ kọjá, ọ̀gá wọn sì sọ̀rọ̀ sí i. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà ní omi inú ẹyin ojú ló ń ti iṣan ojú pa.

"Èyí tí àìsàn náà ti jẹ nínú ojú, kò ní padà mọ́ o, Ìyá," ó sọ fún mi bẹ́ẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí a bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, a lè dá a dúró síbi tó dé. Ojú òsì kò lè dúró mọ́ rárá. Ti ọ̀tún náà ò sì gbọdọ̀ pẹ́."

Owó ilé ọdún náà á tó ti ojú òsì. Ti ọ̀tún, a ní Ọlọ́run á ṣe é. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Owó òde òní, inú fóònù ló ń gbé. Èmi ò mọ fóònù, ojú ìyá rẹ̀ kò sì ka lẹ́tà kékeré mọ́. Bàrákàt la fi ṣe ojú. Òun ló mọ nọ́ńbà àṣírí, òun ló máa ń sọ fún wa pé, "Ìyá oníṣọ́ọ̀bù iwájú ti sanwó o." Kò ṣì wá lọ́nà rí.

Ayálégbé wa kan wà, Afeez ni orúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sálúbàtà rọ́bà ní Ìkẹjà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló máa ń bá mi gbé gáàsì wọlé. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, òun náà jókòó lórí pèpéle, ó ń bá fóònù rẹ̀ jà.

"Bàrákà," ó ní, "ìwọ tó o mọ ìṣirò, wá bá mi wo nǹkan yìí. Ó fẹ́ gbé mi mì káló."

"Kí ni gbogbo nọ́ńbà yìí, Bọ̀dá Afeez?"

"Rólẹ́ẹ̀tì ni. Wò ó, àgbá yìí á yí, bọ́ọ̀lù kékeré yìí á sáré nínú ẹ̀, nọ́ńbà tó bá bọ́ sí ló jẹ. Láti oókan dé méjìlá, ẹgbẹ́ kan nìyẹn. Mẹ́tàlá dé mẹ́rìnlélógún, ẹgbẹ́ kejì. Àwọn tó ṣẹ́kù títí dé mẹ́rìndínlógójì, ẹgbẹ́ kẹta. Tí o bá mú ẹgbẹ́ tó máa jáde, owó ẹ á di ìlọ́po mẹ́ta."

Bàrákàt wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá Àgbà, ẹ wá wo ẹbí wa nínú fóònù! Ìyálé, Ìyá Àárín, Ìyá Kékeré!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré ọmọdé ni.

Ó tún wò ó. Ní ẹ̀gbẹ́ kan lójú fóònù náà, wọ́n to àwọn nọ́ńbà tó ti jáde sẹ́yìn síbẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti rí. "Bọ̀dá Afeez, Ìyálé ti jẹ, Ìyá Àárín ti jẹ léraléra. Ìyá Kékeré ò tíì jẹ láti ìgbà tí ẹ ti jókòó. Òun ló kàn. Ẹ ta á."

Afeez ta á. Bọ́ọ̀lù náà yí, ó yí, ó bọ́ sí ọgbọ̀n. Ariwo tí Afeez pa, ẹyẹlé orí òrùlé fò lọ. "Kọ̀mpútà! Kọ̀mpútà nìwọ yìí o!"

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ń ti iṣẹ́ bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu géètì wa. "Bàrákà, ìdí igi wo ló kàn?" Ó ti kó ọ̀rọ̀ ẹbí wa bọ̀ wọ́n lẹ́nu. Bí ẹgbẹ́ kan kò bá jáde fún ìgbà pípẹ́, á ní òun ló kàn. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì jáde lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀lé ara, á ní orí rẹ̀ ti gbóná, kí wọ́n máa tẹ̀ lé e. Bí ó bá bọ́ sí i, á ní òun mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí kò bá bọ́ sí i, á ní ó kù díẹ̀ ni. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́ náà níwọ̀nba lórí fóònù tirẹ̀. Ó ra dígí dúdú fún ìyá rẹ̀ kí oòrùn má bàa gún un lójú. Ó sọ fún wa pé òun ń kọ́ àwọn ọmọ kan níṣirò, wọ́n ń sanwó fún òun. A gbà á gbọ́. A tiẹ̀ ṣàdúrà fún un.

Ẹnì kan ṣoṣo ló bi í ní ìbéèrè tó yẹ. Tẹniọlá ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ọmọbìnrin kan tó rọra máa ń sọ̀rọ̀. Ìta ilé wa níbí ni wọ́n ti sọ ọ́.

"Bàrákà, ṣé bọ́ọ̀lù yẹn mọ̀ pé ẹ ń ka òun ni?"

"Gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀! Ìwọ tó o gba márùn-ún nínú ogún?"

"Mo gba márùn-ún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ó mọ̀?"

Bàrákàt fi í rẹ́rìn-ín títí ọmọ náà fi lọ sílé.

Ayálégbé tó kẹ́yìn sanwó lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, Bàrákàt fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá, omijé kò sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìyá rẹ̀ ń sùn, èmi náà ti tògbé. Ó lọ jókòó sẹ́yìn táńkì omi, ó ń wo àgbá náà láìta nǹkan kan. Ẹgbẹ́ kẹta kò jáde. Ó ń dúró. Kò jáde. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá tí kò jáde, ó ṣí ibi tí owó ilé wà lórí fóònù. Ó ní irú ìyà báyìí kò lè jẹ Ìyá Kékeré títí lọ. Ó ní bí òun bá fi owó ojú òsì ta á báyìí, owó ojú ọ̀tún á bá a wálé. Wọ́n á ṣe méjèèjì pa pọ̀. Ìyá òun kò ní sunkún lẹ́ẹ̀mejì.

Ó kọ́kọ́ mú díẹ̀. Ìyálé jẹ ẹ́. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, nítorí ó gbọ́dọ̀ jáde báyìí. Ìyá Àárín. Ó tún sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Òdo kan wà nínú àgbá náà, aláwọ̀ ewé ni, kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, kì í ṣe ọmọ ìyá ẹnikẹ́ni. Òun ni bọ́ọ̀lù bọ́ sí. Ó ní òun kò lè dúró níbẹ̀, nítorí tí òun bá dúró, òfò ni, tí òun bá tún ta ọ̀kan sí i, ó lè padà. Ìyálé. Ó wá ta gbogbo èyí tó kù. Ìyálé tún ni.

Nígbà tí kò sí kọ́bọ̀ mọ́, ó kàn jókòó, ó ń wò ó. Àgbá náà yí. Bọ́ọ̀lù bọ́ sí ẹgbẹ́ kẹta. Ó tún yí, ó tún bọ́ síbẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá rẹ̀ ti wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó wọ àǹkárá tó máa ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò fi nǹkan kan kan ẹnu nítorí iṣẹ́ abẹ. Nínú kẹ̀kẹ́, ó di ọwọ́ Bàrákàt mú, ó ń bá a ṣeré pé, "Tí wọ́n bá tú báńdéèjì, ojú rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí. Má fi irun yẹn sílẹ̀ ṣákálá o, lọ dirun." Bàrákàt yíjú sí títì. Mo rò pé ẹ̀rù ń bà á nítorí ìyá rẹ̀ ni.

A dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó. Bàrákàt dúró síbẹ̀, ó ń tẹ fóònù.

"Netiwọ̀kì ni," ó ní.

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì. "Má dààmú, ọmọ mi. Rọra ṣe é."

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa san tiwọn, wọ́n wọlé. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ní, "Àbúrò, gbogbo èèyàn ló ń san tiwọn. Ṣé netiwọ̀kì tìrẹ nìkan ló ń ṣàìsàn ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàrákàt yíjú pa dà, mo sì rí ojú rẹ̀. Ṣe ló dà bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú omi.

Ó kúnlẹ̀ sórí táìlì.

"Mọ́mì, kò sí owó níbẹ̀."

"Kò sí owó níbo?"

"Kò sí níbì kankan, Mọ́mì. Mo ti fi ta tẹ́tẹ́. Mo fẹ́ kí ó tó ti ojú méjèèjì ni." Ó wá kọjú sí mi. "Màmá Àgbà, ó kàn wá! Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni kò jáde! Ó kàn wá!"

Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Ọwọ́ náà kò lọ, kò bọ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi ibi tó ti rí ẹ̀kọ́ náà kọ́.

Ojúọlápé kò pariwo. Ó na ọwọ́, ó ń wá ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ náà kan ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì, ó kan báàgì mi, kí ó tó rí orí Bàrákàt. Ó ní, "Dìde nílẹ̀. Ilẹ̀ yẹn tutù."

A padà sílé.

Mo lọ bá Àlàájì Ṣuaib. Mo ní kí ìdí Ìyálé yá wa ní ọdún tiwọn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sorí kọ́. "Ìyá Suara, ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń rán wa létí. Wọ́n ti fi ti ọdún tó ń bọ̀ ṣètò ìyàwó. Tí mo bá fò wọ́n lónìí, ta ló tún máa gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lọ́la?" Ó tọwọ́ bọ àpò, ó fún mi ní èyí tó wà níbẹ̀. Mi ò bínú sí i. Òfin tó gbè wá lóṣù mélòó kan sẹ́yìn náà ló dúró níwájú wa.

Afeez kò lè wo ojú wa mọ́. Ó kó jáde.

Ó pẹ́ kí a tó rí owó tó tó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Ojúọlápé níbi iṣẹ́ dá díẹ̀. Ìyókù, ẹni tí mi ò rò ló gbé e wá. Abdulazeez yọ lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó dojú bolẹ̀.

"Àǹtí, kẹ̀kẹ́ yẹn ti jáde nínú gọ́tà. Mo ti tà á."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí a padà láti ilé ìwòsàn lọ.

Ṣùgbọ́n àìsàn náà kò dúró dè wá. Kí wọ́n tó gbé Ojúọlápé wọlé, ojú òsì ti lọ pátápátá. Ojú ọ̀tún ni wọ́n rí díẹ̀ gbà sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì dà bí ìgbà téèyàn ń yọjú wo ìta láti ihò kọ́kọ́rọ́. Ilé-iṣẹ́ ní kò lè wo ìgò mọ́. Wọ́n fún un ní ìgbálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní kó máa lọ sinmi.

Bàrákàt ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó gba èyí tó ga jù nínú ìṣirò. Tẹniọlá náà yege, ó ti wọ ilé-ìwé olùkọ́ni báyìí. Bàrákàt ò lọ síbì kankan. Ó lọ bẹ̀bẹ̀ ní Ìlúpéjú, wọ́n sì gbé e síwájú iná funfun tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ á gbé e. Ìgò á máa kọjá, òun á máa wò.

Ọdún ń yí lọ, ìdí Ìyálé jẹ tirẹ̀, ìdí Ìyá Àárín jẹ tirẹ̀. Ẹbí tún pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Abdulazeez fúnra rẹ̀ ló dìde, tó ní, "Ìdí Ìyá Kékeré ló kàn." Ó kàn wá lóòótọ́, bí mo ṣe máa ń sọ.

Bàrákàt gba owó náà jáde ní báńkì, ó kó o wálé nínú ọ̀rá dúdú. Kò fẹ́ kó sùn nínú fóònù rárá. Ó kúnlẹ̀, ó kó o lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mọ́mì, owó ojú yín rèé."

Ojúọlápé fọwọ́ pa ọ̀rá náà lára, ó gbé e sẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ojú wo, Bàrákà?" Kò fi bú u. Ó kàn bi í ni. Ó wá ní, "Fi lọ sílé-ìwé."

Bàrákàt sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyá rẹ̀ sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbọ́ ìtàn yìí, ẹ fetí sí mi. Nínú ẹbí, ọ̀rọ̀ a máa kan èèyàn, nítorí pé àwọn èèyàn jókòó, wọ́n rántí ẹni tó ti jẹ àti ẹni tí kò tíì jẹ, ojú sì ń tì wọ́n láti rẹ́ ẹ jẹ. Àgbá tó ń yí nínú fóònù kò ní ẹbí. Kò rántí ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí lẹ́ẹ̀kan, kò sì mọ̀ pé ìyá ẹnì kan ń sùn nínú yàrá. Bí ó yí nígbà ọgọ́rùn-ún, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ló to nọ́ńbà àná síbẹ̀ fún un yín, bí ẹni tó ń wọ́n àgbàdo sẹ́nu pańpẹ́. Ìṣirò tó dára jù lọ kò lè mú un rántí yín. Ẹ má fi owó tí wọ́n fọkàn tán yín fún dúró dè é, pàápàá nígbà tí ìfẹ́ bá ń tì yín láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Tẹniọlá bi í léèrè pé ṣé bọ́ọ̀lù yẹn mọ̀. Kò mọ̀.

Bàrákàt á bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé lóṣù tó ń bọ̀. Àná ló dirun tuntun. Ìyá rẹ̀ ní kó súnmọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń wá a pẹ̀lú ihò kékeré tó kù yẹn. Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ pa irun náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní ó rẹwà.